Gbígba Odídẹrẹ́ Ìgbèkùn Sílé

Nínú gbogbo ẹyẹ tí ń bẹ ní igbó ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ ni orúkọ wọn gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn tó odídẹrẹ́. Àwọn kan a máa pè é ní odídẹ. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tí ó bá gbọ́ ni í sọ, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni aráyé kì í sì í fẹ́ kí a sọ òtítọ́ ní gbangba. Orúkọ yìí ni Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ẹni tí ó jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 títí di 1983, fi ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kí ó tó dé ipò náà. Bí a bá sì ń ki ìlú Ìwó, a kì í kì í tán kí a má dárúkọ odídẹrẹ́.

Odídẹrẹ́ kì í ṣe ẹyẹ ńlá. Ó fi díẹ̀ gùn ju rúlà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń fa ìlà lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì sábà ju ìdajì kílò. Gbogbo ara rẹ̀ rí bí eérú, awọ ojú rẹ̀ funfun, àgógó ẹnu rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ pupa yòò. Ìyẹ́ ìrù yìí ni à ń pè ní ìkóódẹ, èyí tí a ń rí lára adé àwọn ọba, tí a sì ń rí ní iwájú orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé rẹ̀. Ekodidé ni àwọn tí ń bọ òrìṣà níbẹ̀ ń pè é títí di òní, wọ́n sì ń so ó mọ́ iwájú orí ìyàwó òrìṣà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é nílé. Ní agbègbè Bamenda, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ọba a máa fi irú ìyẹ́ pupa bẹ́ẹ̀ dá ẹni tí ó bá ṣe ohun ribiribi lọ́lá. Ẹyẹ tí a bọlá fún tó báyìí, kò yẹ kí ó jẹ́ pé inú àgò ni a ó ti máa rí i ju inú igbó lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dà nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi.

Àwọn àgbà a máa wúre fún ẹni tí ń lọ sí ìrìn àjò pé, odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ìṣe ẹyẹ náà dájú. Odídẹrẹ́ kì í dá gbé. Ní alẹ́, wọn a kó ara wọn jọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sórí àwọn igi gíga tí ó sún mọ́ra, wọn a sì sùn síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọn a pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọn a fò lọ sí ibi tí ẹyìn gbé pọ́n tàbí ibi tí èso igbó gbé so, bí ó tilẹ̀ jìnnà. Nígbà tí oòrùn bá sì ń wọ̀, ariwo wọn ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Inú ihò igi ńlá ni abo ń yé sí, ẹyin rẹ̀ kì í sì í sábà ju 5 lọ. Yóò sàba lé wọn fún nǹkan bí oṣù kan, àwọn ọmọ yóò sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 nínú ihò náà kí wọ́n tó lè fò jáde. Ẹyẹ tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kì í yára pọ̀ sí i bí a bá ti dín in kù.

Oko ìwájẹ gan-an ni àwọn apẹyẹ ti ń dè é. Wọn a so odídẹrẹ́ kan tí ọwọ́ wọn ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ orí igi, wọn a sì fi àtè pa àwọn ẹ̀ka tí ó yí i ká. Bí èyí tí a so bá ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọjá lókè a rò pé oúnjẹ ni ó rí, wọn a bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àtè a sì mú wọn. Àwọn apẹyẹ mìíràn a máa gun igi lọ kó ọmọ inú ihò, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ gé igi náà lulẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, wọn a gé ìyẹ́ apá àwọn ẹyẹ tí wọ́n mú, wọn a sì há wọn mọ́ inú àpótí tóóró, nínú èyí tí kò sí omi, tí kò sì sí àyè láti na apá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà wọ́n. Ẹni tí ó bá rí odídẹrẹ́ kan tí ń tà, kí ó mọ̀ pé àwọn mìíràn ti kú lọ́nà kí ọ̀kan yìí tó dé iwájú rẹ̀.

Iye tí òwò yìí ti gbé lọ kò kéré. Àkọsílẹ̀ òwò láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè fi hàn pé, láti 1975 wá, odídẹrẹ́ inú igbó tí a ti kó jáde ní Áfíríkà ju mílíọ̀nù kan lọ, a kò sì tíì ka àwọn tí a kó ní bòńkẹ́lẹ́ àti àwọn tí ó kú lọ́nà mọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Gánà, àwọn olùwádìí tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2016 padà lọ sí ibi mẹ́ta tí odídẹrẹ́ 700 sí 1,200 ti ń sùn ní ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà. 18 péré ni wọ́n rí. Igi gígé wà nínú ohun tí ó fa èyí, ṣùgbọ́n òwò náà kò gbẹ́yìn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1992 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kíkó irú ẹyẹ inú igbó bẹ́ẹ̀ wọlé dúró. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá tiwọn dúró ní 2005, wọ́n sì fi òfin múlẹ̀ títí láé ní 2007. Nígbà tí ó di 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES, àdéhùn tí a ṣe láti dáàbò bo ẹranko àti igi tí ó fẹ́ run, pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fi odídẹrẹ́ sínú ìwé kìíní, ìyẹn ìwé àwọn ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ mú láti inú igbó ṣòwò kọjá ààlà. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní, 2017. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn yìí láti 1974. Ó ṣe òfin tirẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ run ní 1985, ó sì tún un ṣe ní 2016.

Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin nìkan kò lè ṣẹ́gun, ohun náà sì ni àánú tí kò ní ìmọ̀ nínú. Kí a sọ pé ẹnì kan ń gbé ní Ìjẹ̀gùn, ní agbègbè Àlímọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní àtijọ́, abúlé àti oko ni ó pọ̀ ní agbègbè náà. Lónìí, ilé ń fara kan ilé láti Ìkòtún títí dé Ìjẹ̀gùn, ẹni yìí kò sì rí odídẹrẹ́ rí àfi nínú àwòrán. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó rí ọkùnrin kan ní ẹ̀bá títì tí ó gbé àgò kékeré dání. Odídẹrẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ó ká ara rẹ̀ kò sí igun kan, àtè ṣì wà lára ìyẹ́ àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ dòò. Àánú ṣe ẹni náà. Ó ná ẹyẹ náà, ó san owó, ó gbé e lọ sílé, ó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun gba ẹ̀mí kan là.

Ó ha gbà á là ní tòótọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ owó náà. Ọkùnrin tí ó ta ẹyẹ kì í ṣe apẹyẹ. Ọwọ́ alágbàtà ni ó ti rà á, alágbàtà sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ inú igbó. Bí àgò rẹ̀ bá ti ṣófo, yóò padà lọ bá alágbàtà, alágbàtà yóò ránṣẹ́ sí inú igbó, apẹyẹ yóò sì tún àtè sè. Ẹni tí ó fi àánú rà á àti ẹni tí ó fi ìgbéraga rà á, owó kan náà ni wọ́n san, ọ̀nà kan náà ni owó wọn sì gbà lọ. Kódà, ọlọ́gbọ́n òǹtàjà mọ̀ pé bí ẹyẹ bá ti ń ṣàìsàn tó ni ọkàn àwọn aláàánú ń yára yọ́ tó, nítorí náà kò ní kánjú fún un ní omi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè fi ọwọ́ ara ẹni yọ ẹyẹ kan kúrò nínú ìgbèkùn, kí a sì fi ọwọ́ náà ti mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí korò létí ẹni tí ó ní inú rere, ó sì ṣòro láti kọjá lára ẹ̀dá tí ń jìyà láì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó lè ṣe. Kí ó wo ibi tí ọkùnrin náà dúró sí dáadáa àti wákàtí tí ó máa ń wà níbẹ̀, kí ó má bá a jà, kí ó sì lọ fi tó àwọn aláṣẹ létí. Àjọ NESREA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, wà ní Lẹ́kí. Ọgbà LUFASI, tí ń tọ́jú ẹranko tí a gbà sílẹ̀, sì wà ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ jìnnà sí Ìjẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò jìnnà fún ọ̀rọ̀ ẹnu lórí tẹlifóònù.

Bí àwọn aláṣẹ bá gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ òǹtàjà, kò sí ẹni tí yóò tún lọ san owó fún apẹyẹ; òǹtàjà ti pàdánù, òwò náà sì di òfò fún un. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rírà àti gbígbà sílẹ̀ nìyí. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, láàrin 2007 sí 2010, àwọn aláṣẹ gba ju ẹgbẹ̀rún kan odídẹrẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó jáde ní Douala, wọ́n sì kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Limbe, ọgbà tí ìjọba ilẹ̀ náà àti ẹgbẹ́ Pandrillus dá sílẹ̀ ní 1993. Ọ̀pọ̀ kú. Àwọn tí ó yè, iṣẹ́ ńlá ni a ṣe lórí wọn kí wọ́n tó lè padà sínú igbó. A kò kàn lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹyẹ tí a ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀. Ó ní láti dúró títí ìyẹ́ tí a gé yóò fi re, tí tuntun yóò sì hù dípò rẹ̀, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wà nínú ilé gbàràmù tí a fi àwọ̀n bò, níbi tí yóò ti fò síwá sẹ́yìn títí apá rẹ̀ yóò fi le. Níkẹyìn, a ó dá wọn sílẹ̀ ní ọ̀wọ́, nítorí pé odídẹrẹ́ kan ṣoṣo nínú igbó kò yàtọ̀ sí ọmọdé tí ó sọnù sí ọjà.

Ìdí kan náà ni kò fi bọ́gbọ́n mu kí ẹni tí ó ní odídẹrẹ́ ní Ìjẹ̀gùn dédé ṣí àgò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó ní òun dá a sílẹ̀. Ibo ni yóò lọ? Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí òrùlé páànù. Bí ebi kò bá pa á, àṣá tàbí ológbò yóò pa á; bí méjèèjì kò bá sì pa á, ẹni tí yóò mú un tà kò ní í pẹ́ kí ó tó rí i.

Nígbà náà, àwọn wo ni odídẹrẹ́ tí ènìyàn lè gbà sílé? Àwọn ni èyí tí kò lè padà sínú igbó mọ́: èyí tí apá rẹ̀ ti kán, èyí tí a ti tọ́ láti kékeré tí kò mọ bí a ti ń wá oúnjẹ, èyí tí olówó rẹ̀ kú tàbí tí ó kó lọ sí òkè òkun, tí ó sì fi í sílẹ̀ fún aládùúgbò. Irú ẹyẹ báyìí, a kì í san owó rẹ̀, a kì í sì í dá gbé e pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á ní láti kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ bí òfin bá gbà á láyè, kí ó sì gbé ẹyẹ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Àrùn kan wà tí àwọn ẹyẹ ìdílé odídẹrẹ́ lè kó ran ènìyàn, psittacosis ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń wá bí ibà àti ikọ́, ó sì máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn rẹ̀ wà, bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Láfikún sí èyí, ìyẹ́ odídẹrẹ́ a máa tú lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè jáde, nítorí náà ilé tí ọmọ tí ó ní ikọ́-fée bá wà kì í ṣe ilé odídẹrẹ́.

Ohun tí ó máa ń fa ènìyàn sí odídẹrẹ́ jùlọ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, ohun náà ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Obìnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ kan ní 1977, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nígbà tí Alex fi kú ní 2007, ó lè dárúkọ nǹkan bí 50 ohun, ó mọ àwọ̀ 7, ó lè ka nǹkan dé 6. Bí a bá sì gbé ohun méjì tí ó jọra wá síwájú rẹ̀, ó lè sọ ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ síra. Kì í ṣe pé ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí gbohùngbohùn. Ní 2020, àwọn olùwádìí mìíràn tún fi hàn pé bí odídẹrẹ́ kan bá ní owó irin tí a fi ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè lò ó, yóò nà án sí èkejì rẹ̀ láti ojú ihò kí ìyẹn lè jẹun, bí kò tilẹ̀ sí èrè kankan fún un. Ẹ̀dá tí ó ní irú ọkàn báyìí ni à ń fi sílẹ̀ ní òun nìkan nínú àgò láti àárọ̀ di alẹ́. Kò lè ṣe kó má dá wàhálà sílẹ̀. Òmíràn a máa ké títí àwọn ará ilé kò ní rí oorun sùn. Òmíràn a máa fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò bí adìyẹ tí a fẹ́ sè.

Odídẹrẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn sì máa ń gbé ìwà ilé tí ó ti wá dání. Ọgbà ẹranko kan wà ní Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó máa ń gba odídẹrẹ́ tí àwọn olówó wọn kò lè tọ́jú mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2020, márùn-ún dé sí ibẹ̀ láàrin àkókò kan náà, láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi wọ́n sínú yàrá kan. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé èébú ni gbogbo wọn mọ̀ sọ. Bí ọ̀kan bá bú, èkejì a dá a lóhùn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá rẹ́rìn-ín, wọn a tún ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tí ó wá wòran, wọ́n ní láti kó wọn kúrò níwájú ènìyàn, kí wọ́n sì pín wọn sáàrin àwọn mìíràn tí kò mọ èébú. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà pa aráyé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé wo ni àwọn ẹyẹ náà ń kà jáde bí kò ṣe ti àwọn olówó wọn?

Ní ti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí odídẹrẹ́ bá ti rí ẹ̀pà àti àgbàdo, ó parí. Ẹyẹ tí ó jẹ́ pé hóró nìkan ni a ń fún a máa ṣe aláìní ohun tí ń mú egungun le, títí gìrì yóò fi máa mú un. Ẹyìn dára fún un, nítorí pé òun ni ó ń jẹ nínú igbó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kárọ́ọ̀tì àti ìrẹsì sísè tí kò ní iyọ̀ náà dára. Ẹ̀pà tí ó bá ti bu, a kò gbọdọ̀ fún un. Píà, ìyẹn èso tí àwọn ènìyàn máa ń fi jẹ búrẹ́dì, májèlé ni fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì, kọfí àti ọtí. Ó ń fẹ́ oòrùn òwúrọ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fẹ́ omi tí yóò fi wẹ̀, ó ń fẹ́ igi tútù tí yóò máa fi ẹnu ya, ó sì ń fẹ́ wákàtí 10 sí 12 tí yóò fi sùn nínú òkùnkùn láìsí ariwo.

Ìgbà tí a bá dé orí èyí ni ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀gùn tún padà wá. Afẹ́fẹ́ búburú máa ń pa ẹyẹ kí ó tó pa ènìyàn. Nítorí ìdí èyí ni àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń gbé ẹyẹ kéékèèké wọ inú ilẹ̀ títí di 1986, kí ẹyẹ lè kìlọ̀ fún wọn. Ní ilé alájọgbé, níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá ti ń hó ní ojú fèrèsé, tí èéfín sítóòfù kẹrosíìnì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá, odídẹrẹ́ kò lè pẹ́ láyé. Páànù ìdínǹkan olóòyì, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ tí imú ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́ lè pa ẹyẹ tí ó wà nínú yàrá kejì láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, tí ariwo rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ìfẹ́ tí ó dára jùlọ tí ó lè fi hàn sí odídẹrẹ́ ni kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á.

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá tọ́, kí ó má retí ọpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọwọ́ ènìyàn ni ó fi àtè mú ẹyẹ náà tàbí tí ó gé apá rẹ̀; kò mọ̀ pé ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́. Yóò ké, yóò bù ún jẹ, àgógó ẹnu tí ń fọ́ èkùrọ́ kò sì ní fi ìka ènìyàn ṣeré. A kì í fi ipá mú un jáde nínú àgò. Kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ máa jókòó nítòsí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa ka ìwé rẹ̀ tàbí kí ó máa ṣa ẹ̀fọ́, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì fi hóró kan sí ibi tí ẹnu rẹ̀ lè tó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba ọdún, kí ẹyẹ náà tó gba hóró náà láti ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, ìyẹ́ rẹ̀ àtijọ́ yóò máa re, ìkóódẹ yóò sì máa bọ́ sílẹ̀ nínú àgò fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé a pa ẹyẹ kankan nítorí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn kì í rò. Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú dáadáa lè gbé 40 ọdún, àwọn mìíràn a sì máa dé 60. Ní ilé ìjọsìn Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, odídẹrẹ́ kan tí a kì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe ti Frances Stewart, ìyàwó ìjòyè Richmond, tí ó kú ní 1702. Wọ́n ní 40 ọdún ni ẹyẹ náà fi bá a gbé, àti pé ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó kú ni ẹyẹ náà kú. Bí àgbàlagbà ẹni ọdún 50 bá gba odídẹrẹ́ ọlọ́dún 10 sílé lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ náà ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí ó tó gbé e wọlé, kí ó ti bá ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ kan sọ ọ́, ẹni tí ó fẹ́ ẹyẹ náà ní tòótọ́ tí kì í ṣe ẹni tí ojú ń tì láti kọ̀. Kí ó sì jẹ́ kí ẹni náà máa wá fún ẹyẹ náà ní oúnjẹ láti ìsinsìnyí lọ, kí odídẹrẹ́ má baà rí i bí àlejò ní ọjọ́ tí ó bá dé láti gbé e lọ.